Èèyàn mẹ́fà ni mò ń dáná fún lálẹ́, ṣíbí mẹ́rin ni ikùn tèmi ń gbà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà | Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lánàá tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ikùn kù, èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve. Èkó la ti ṣe é. Kílò 138 ni mo wọ̀n lọ́jọ́ tí mo wọlé, mo ti di 117 báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúnkún mi tí kì í jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ilé ìwé ti ń gbọ́ tèmi.

Ebi kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ìdáná ni.

Bàbá àwọn ọmọ wà nílé, ọmọ mẹ́rin wà níbẹ̀, ìyá ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Gbogbo alẹ́ ni mò ń ro àmàlà tàbí kí n tẹ ẹ̀bà, kí n se ọbẹ̀, kí n bu fún kálukú, kí n tó wá padà sídìí ààrò lọ se tèmi. Láti oṣù méjì ni mo ti ń dáná lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti sú mi. Nígbà tí tèmi bá fi jinná, ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́.

Ohun kejì ni ìtọ́wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná mọ̀ pé ahọ́n la fi ń mọ̀ bí iyọ̀ bá tó. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo se gbẹ̀gìrì. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, mo fi iyọ̀ kún un. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, ata kò hàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ní kí n mọ̀ bóyá irú ti wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí màá fi jókòó, mo ti yó dé ọ̀nà ọ̀fun. Ẹja tí mo yọ egungun rẹ̀ sílẹ̀ fún ara mi, ọmọ ló jẹ ẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ló ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo ní àfi kí n bá ará ilé mi jẹ àmàlà díẹ̀. Òkèlè tí mo bù kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Mo fi gbá ewédú, mo gbé e mì bí a ṣe ń gbé e mì láti kékeré. Kò lọ. Ó dúró sí agbedeméjì àyà mi, ó ń tẹ̀ mí bí ẹni pé wọ́n fi ìka tì í mọ́ ibẹ̀. Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kún mi lẹ́nu, itọ́ tó ń hó bí ọṣẹ. Mo dìde, mo lọ bì í sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá ọkọ mi ti gbé abọ́ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, irú iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe fún ọ tí o ò fi lè jẹ oúnjẹ ilé wa mọ́?" Wọn ò fi bú mi o. Omi ló wà lójú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ta ló ń bá yín tọ́ ọbẹ̀ wò? Kí lẹ sì ń sọ fún àgbàlagbà tó bá rò pé oúnjẹ òun lẹ kọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́wà Ìgbọ̀nà | Ọjọ́ Ajé, aago 10:02 alẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú ewu. Ọlọ́run á wo ibẹ̀ sàn. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ṣe tèmi. Bypass ni tèmi, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣẹ́ àpò kékeré kù fún oúnjẹ nínú ikùn, tí wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun; àpò tèmi kò tó ẹyin adìyẹ nígbà náà. Ẹ̀wà ni mò ń tà lọ́jà Ìgbọ̀nà, ọmọ mi mẹ́ta sì wà nílé.

Má dáná lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Èmi náà ṣe é fún oṣù mẹ́ta, kò sí ohun tó fún mi ju ẹ̀yìn ríro lọ. Ìkòkò kan náà tó. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kí o bu tìrẹ kúrò nínú rẹ̀.

Bí mo bá fẹ́ se ẹ̀fọ́ rírò, ẹja ni mo kọ́kọ́ ń sè, nínú tàtàsé, tòmátì àti àlùbọ́sà lílọ̀, láìfi epo sí i. Ata rodo kò tíì wọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Bó bá ti jinná, mo ti bu tèmi: ègé ẹja kan tí mo ti yọ egungun rẹ̀ tán, omi ata ṣíbí méjì, mo dé e. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá wá gbé epo pupa kaná, kí n fi rodo àti irú sí i, kí n da ìyókù ẹja lé e lórí, kí n wá da ẹ̀fọ́ sí i. Màá mú ẹ̀fọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ewé nìkan, mi ò jẹ́ kí igi rẹ̀ kan tèmi. Ìdáná kan ṣoṣo ni. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti bu nǹkan.

Ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti rọ̀ dáadáa, mo bu ṣíbí mẹ́rin, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, mo rún ẹyin sísè kan sí i. Àwọn tó kù á gba ata díndín àti dòdò tiwọn.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí òun ló gbà mí. Bí mo bá ti lọ ẹ̀wà tán, tí mo ti po ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, mo máa ń bu ife kan sọ́tọ̀. Inú ife yẹn ni màá lu ẹyin méjì sí, màá rún ẹja Titus sínú rẹ̀ títí yóò fi pọ̀ tó ẹ̀wà fúnra rẹ̀. Òróró ibẹ̀ kò ní ju ṣíbí ìmu-tíì kan lọ. Ewé kan náà ni màá fi pọ́n gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n màá fi òwú dúdú so ìdí tèmi. Ìkòkò kan náà, iná kan náà. Bí mo bá ṣí ìkòkò, tí ooru bá ti lọ, mo ń wo òwú dúdú. Mẹ́rin ló máa ń jáde. Ìdajì ọ̀kan ni mò ń jẹ nígbà tí mo wà níbi tí o wà yìí, ìyókù á wọ inú fíríìjì. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, mi ò ní láti ro ohun tí màá jẹ.

Ọbẹ̀ ilé wa ò bá wa jà, ọmọ mi. Gbẹ̀gìrì ti kúnná kí ẹnikẹ́ni tó mọ bùlẹ́ńdà. Òkèlè nìkan ló ń bá wa jà.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀ | Ọjọ́ Ajé, aago 10:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, mà. Òótọ́ ni Ìyá Ẹlẹ́wà sọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti tọ́jú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Ohun tí dókítà tó ṣe tiyín bá sọ ló ga ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òkèlè yìí, torí ó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn wa lójú.

Nínú sleeve, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ikùn ni wọ́n ń gé kúrò. Èyí tó kù rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń tọ́ wa sọ́nà nípa oúnjẹ á ní kí èèyàn jẹ nǹkan lẹ́nu ní ìgbà ogún tàbí ọgbọ̀n kó tó gbé e mì. Ẹ wá wo òkèlè. Àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu. Gbígbé la máa ń gbé e mì. Ẹni tó bá ń jẹ àmàlà lẹ́nu, a ó máa wò ó bí àlejò. Bẹ́ẹ̀, ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ò gba ohun tí eyín ò fọ́, òkèlè ní tirẹ̀ kì í sì í fọ́, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ìyán, ẹ̀bà, àmàlà, sèmó, búrẹ́dì tútù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn kan máa ń padà jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, àwọn míì ò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ máà fi tipá dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja, ẹyin, ẹran rírọ̀ tàbí ẹ̀wà, kí ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e. Bí àyè bá kù, ẹ wá mú oúnjẹ tó ń fúnni lágbára díẹ̀. Ó kéré tán, 60 gíráàmù purotéènì lójúmọ́ la ń lépa, àwọn míì ń dé 80. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Ife mílíìkì kan, 8. Ègé ẹja tó tó àtẹ́lẹwọ́ lè tó 20. Ìdí nìyí tí ìtọ́wò ọbẹ̀ fi ń pa yín lára: omi ọbẹ̀ ló ń gba àyè ẹja.

Ẹ má mumi pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún díẹ̀díẹ̀. Kó tó dalẹ́, kó ti tó lítà kan àbọ̀.

Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kékeré wò ni èébì. Ẹ̀ẹ̀kan nítorí òkèlè, ó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń wá lójoojúmọ́, tàbí tí omi pàápàá kò dúró, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pe dókítà. Fítámìnì B1 máa ń tètè tán lára ẹni tó ń bì. Ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn ín, ojú á máa rí nǹkan ní méjì-méjì. Ìyẹn kì í ṣe ohun àgbo.

Ṣọlá Ògo-Olúwa | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:55 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ògì ò ní rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju gbogbo wàhálà yìí lọ lálẹ́? Ó fúyẹ́, kì í sì í há ní àyà. Ohun tí àbúrò bàbá mi mu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:20 àárọ̀

Ṣọlá, o ṣeun. Ó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lóòótọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn lè mu ife méjì láàárín wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ purotéènì inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Bí wọ́n bá máa mu ún, kí wọ́n fi mílíìkì tàbí omi sóyà sè é dípò omi lásán, kí wọ́n má sì fi ṣúgà sí i.

Bàbá Ọláyínká | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:31 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí i. Ìyàwó mi ló ṣe é lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná jẹun, èmi àti àwọn ọmọ á wà ní pálọ̀. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, mi ò bi í léèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àbígbẹ̀yìn wa gbé abọ́ tirẹ̀ tọ ìyá rẹ̀ lọ, ó ní òun náà ò jẹun ní pálọ̀ mọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan méjì la yí padà. Omi ti kúrò lórí tábìlì nígbà oúnjẹ, gbogbo wa là ń mu ún lẹ́yìn, kó má bàa jẹ́ òun nìkan lójú ń ro. Èkejì ni pé bí mo bá fẹ́ àmàlà lálẹ́, èmi ni mò ń rò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni kókó fi wà nínú rẹ̀, ó ti dán báyìí. Àdùkẹ́, ẹ sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé ọkùnrin bíi tiwọn ló sọ ọ́.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:10 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ronú nípa iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé ìrìn àti oúnjẹ díẹ̀ ò tó ni?

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:48 alẹ́

Mi ò bínú rárá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbìyànjú èyí tó o sọ yẹn. Mo dín in kù, ó padà, ó sì mú òmíràn kún ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé apá ikùn tí wọ́n gé kúrò yẹn ló ń tú èyí tó pọ̀ jù lára èròjà tó ń pe ebi sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyí tí mo jí láàárọ̀ tí oúnjẹ kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Ìwọ sáà tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ rí dókítà, kí o jókòó tì wọ́n, kí o bi í ní gbogbo ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù.

Bàbá Ọláyínká, mo ti ka tiyín sí etí ọkọ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un kà.

Ìyá Àfúsá Sábó | Ọjọ́rú, aago 2:17 ọ̀sán

As-salaamu alaykum. Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ ò rántí ààwẹ̀ ni? Ta ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún wa nínú oṣù Ràmàdáànì? Ó yé gbogbo wa tó ń dáná: a ó fi orí ahọ́n kàn án, a ó mọ bí iyọ̀ ti rí, a ó tu ú dànù, a ó fi omi yọ ẹnu. Kò kan ọ̀nà ọ̀fun. Èyí tí mo ń ṣe nìyẹn láti ọdún méjì tí mo ti ṣe sleeve, Ràmàdáànì ni o, Ràmàdáànì kọ́ ni o. Mo gbé ife kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, inú rẹ̀ ni mò ń tu ú sí. Àfúsá ló ń tọ́ ti ìparí wò fún mi. Ọmọ náà ti mọ iyọ̀ jù mí lọ.

Ní ti ààwẹ̀ fúnra rẹ̀, dókítà tèmi ní kí n má gbà á lọ́dún àkọ́kọ́ nítorí omi. Mo bi ààfáà wa, wọ́n ní aláìsàn ní àyè, kí n san án padà bí ara bá le. Mo ti san án.

Ohun kan tí ẹnì kankan ò tíì dárúkọ ni wàrà. Sábó níbí, àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ewé bọmúbọmú ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì. Mo máa ń tún un sè nílé kó hó dáadáa, mo ń rún un sínú ẹ̀fọ́ ará ilé bí ẹran. Tèmi kì í rí dídín, tiwọn ni mò ń dín. Ó rọ̀ lẹ́nu, kò ní egungun, ó sì ń gbé èèyàn ró títí di àárọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́wà Ìgbọ̀nà | Ọjọ́rú, aago 9:33 alẹ́

Ìyá Àfúsá, ẹ ṣeun. Ti ife ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn, màá ṣe é lọ́la.

Àdùkẹ́, mo ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ láti ọjọ́ Ajé. Ìyá tí kò bínú, tó jẹ́ omi ló wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé ilé òun lo kọ̀. Má gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún wọn. Iṣẹ́ ni kí o bẹ̀ wọ́n. Sọ pé, "Màmá, òkèlè nìkan ni ikùn mi ò gbà, ọbẹ̀ yín ló ń wù ú." Kí o ní kí wọ́n bá ọ se gbẹ̀gìrì, kí wọ́n fi ìjábẹ̀ ja ewédú fún ọ bí wọ́n ṣe ń jà á nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Kí o jókòó tì wọ́n, kí o jẹ ẹ́ lójú wọn. Ìyá tèmi, ìyẹn ìyá ọkọ mi, kò gbà pé mi ò ní kú títí di ọjọ́ tí wọ́n fúnra wọn fi ọwọ́ ara wọn fún mi ní ẹ̀wà tí mo sì jẹ ẹ́ tán.

Òde ayẹyẹ nìkan ni kí o ṣọ́ra fún. Oṣù kẹfà tèmi, ìsọmọlórúkọ kan wà ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n fi mọ́ọ̀tì tútù lé mi lọ́wọ́, ojú tì mí láti kọ̀. Mo mu ìdajì ìgò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí òógùn bò mí, àyà mi ń lù kìkìkì, inú ń lọ́ mi, àfi bí ẹni pé ilẹ̀ ń yí. Lórí àga ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ mi. Ṣúgà tó já wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà ló fà á, bypass ló sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi mọ́ínmọ́ín olówùú dúdú kan sínú báàgì bí mo bá ń lọ òde. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, mo máa ń gbà á, mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń jẹ ẹran rírọ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ìyókù á bá mi délé fún àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tó bínú rí.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀ | Ọjọ́bọ̀, aago 7:05 àárọ̀

Kí n fi kan kún un, mà, kó má bàa di ìgbàgbé. Oògùn kálísíọ́mù (ti egungun) àti ti áyọ́ọ̀nù (ti ẹ̀jẹ̀), ẹ má lò wọ́n papọ̀, ẹ fi wákàtí méjì sí àárín wọn. Títí ayé lẹ ó máa lo fítámìnì tí wọ́n kọ fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ o, kì í ṣe títí tí irun tó máa ń re lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yóò fi padà hù.

Àdùkẹ́ Òkè-Fìà | Ọjọ́ Àìkú, aago 8:47 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé.

Láti ọjọ́bọ̀ ni ife kékeré ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ń tọ́ ti ìparí wò. Iyọ̀ pọ̀ díẹ̀ nínú tàkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ jẹ ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo se mọ́ínmọ́ín. N ò ní òwú dúdú, ègé aṣọ pupa kan ni mo fi so tèmi. Mo jẹ ìdajì, ó dúró, inú mi ò ru.

Mo pe dókítà nípa èébì ọjọ́sí. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo jẹ, wọ́n ní kí n fi òkèlè sílẹ̀ ná, kí n pe àwọn padà bó bá tún ṣẹlẹ̀. Kò tíì ṣẹlẹ̀.

Òní ni mo bẹ Màmá níṣẹ́. Mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ẹlẹ́wà ṣe sọ ọ́. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀wà wá. Àwọn ló bó o, àwọn ló sè é, wọ́n ní bùlẹ́ńdà á bà á jẹ́, asẹ́ ni wọ́n fi sẹ́ ẹ, wọ́n ń fi ìsàlẹ̀ ife tẹ̀ ẹ́ gba ojú asẹ́ kọjá. Ẹja àrọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n yọ ẹran ara rẹ̀ kúrò lára egungun fún mi bí ẹni ń fún ọmọ ọdún kan lóúnjẹ. Bàbá àwọn ọmọ ro àmàlà fún ará ilé. Gbogbo wa jókòó. Omi ò sí lórí tábìlì.

Mo jẹ ṣíbí mẹ́rin, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Màmá ti jẹun tán tipẹ́, wọn ò fọwọ́. Wọ́n ń wo abọ́ mi. Nígbà tí mo gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ó tó?" Mo ní, "Ó tó, mà." Wọ́n wo inú abọ́ náà, wọ́n wò mí lójú, wọ́n wá fọwọ́.

Wọ́n ti ní àwọn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń po mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin yẹn lọ́la. Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ̀wà olóyin lẹ fi ń ṣe é ni, àbí funfun?

Ìyá Ẹlẹ́wà Ìgbọ̀nà | Ọjọ́ Àìkú, aago 9:05 alẹ́

Olóyin dùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Màmá ni yóò bó o, funfun ni kí o rà, èèpo rẹ̀ tètè ń ṣí. Rẹ ẹ́ sómi kí o tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bí o bá gba Ìgbọ̀nà kọjá, yà sọ́dọ̀ mi, mo ti wọn kóńgò méjì sílẹ̀ fún Màmá.